Ẹ Má Gbé Ìbọn Fún Panápaná

Nímọtà Àjọkẹ́,

Inú ń bí mi sí ọ. Mo ní kí Mọ́rífá kọ ìyẹn sílẹ̀ kí ó tó kọ ìkíni, kí o má baà rò pé àdúrà nìkan ni mo jókòó ṣe fún ọ. Àdúrà ń bọ̀, wàá rí tìrẹ gbà, ṣùgbọ́n ìbínú ló kọ́kọ́ dé.

Mo kí ọ kú oríire iṣẹ́ tuntun. Ọmọ ọmọ mi ti di igbákejì máníjà ìlú, ẹni tó ń bójú tó iṣẹ́ ìlú fún ìgbìmọ̀, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà níbí, ó ní tábìlì tirẹ̀, wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà. Mo ti sọ ọ́ ní mọ́sálásí títí ó fi sú àwọn èèyàn. N kò yí ọ̀rọ̀ ìyẹn padà.

O mọ Mọ́rífá, nọ́ọ̀sì tó ń gbé òdìkejì ọ̀nà, tó ń wakọ̀ lọ sí ọsibítù ní Joliet. Òní ni ọjọ́ ìsinmi rẹ̀. Ó ti ní kí n rọ ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu, mo sì ti sọ fún un pé ọwọ́ rẹ̀ ni mo yá, n kò yá ẹnu rẹ̀. Bí mo bá sì pè ọ́ lórí fóònù, kí n tó mí lẹ́ẹ̀kan, wàá ti ní, "Ókè, Gránmà, mo ti gbọ́, mo ń wọ mítìnnì." O kò lè já lu lẹ́tà. Jókòó, kà á tán.

Nígbà tí o wá sọ́dọ̀ mi ní Sátidé, kọ̀ǹpútà wà lábẹ́ apá rẹ, inú rẹ sì dùn. O jẹ mọ́ínmọ́ín, o nu ọwọ́, o wá ṣí iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí máníjà yẹn gbé lé ọ lọ́wọ́ hàn mí. O ya àpótí méjì. Ọlọ́pàá wà nínú ọ̀kan, panápaná wà nínú èkejì. O tẹ nǹkan kan, àpótí méjèèjì bá wọnú ara wọn, ẹyọ kan ló kù. O ní bí ìlú wa yóò ṣe rí nìyẹn bí ìgbìmọ̀ ìlú bá fọwọ́ sí i ní Túsìdeè tó ń bọ̀. Wọn yóò ti ilé panápaná tó wà ní òpópónà wa. Àwọn ọlọ́pàá ni yóò kọ́ iṣẹ́ iná pípa. Ẹni tó ń wa ọkọ̀ ọlọ́pàá kiri ìlú yóò kó aṣọ iná sínú bùùtù, ibi tí iná bá ti sọ, á sáré débẹ̀, á wọ aṣọ náà, á wọlé.

Mo bi ọ́ pé, "Ìbọn rẹ̀ ńkọ́?"

O ní, "Á wà ní ìbàdí ẹ̀, Gránmà. Ọlọ́pàá ṣáà ni."

Mo ní, nígbà tó bá ń kan ilẹ̀kùn ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó? O rẹ́rìn-ín. O ní ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó kò ráyè wo ìbàdí ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀rín yẹn ni mo ń bá ọ jà lé lórí. O rẹ́rìn-ín sí ohun tí o kò mọ̀, o sì fẹ́ gbé e síwájú àwọn tí yóò sọ ọ́ di òfin. Ní báyìí, fetí sílẹ̀.

Èkíní, má ṣe ya àwòrán ilé tí o kò wọ̀ rí. Mo bi ọ́ bóyá o ti dé ilé panápaná yẹn, o ní o kò tíì ráyè. Láti ọ́fíìsì rẹ débẹ̀ kò tó ìrìn tí èèyàn ń rìn kí oúnjẹ lè dà nínú. Máníjà rẹ sọ fún ọ pé ṣe ni wọ́n ń sùn níbẹ̀, wọ́n ń sun ẹran, wọ́n ń wo bọ́ọ̀lù. Òótọ́ ni. Èmi ti débẹ̀. Mo gbé ìrẹsì lọ fún wọn nínú kúlà, Mọ́rífá bá mi sọ Gẹ̀ẹ́sì. Mo rí bẹ́ẹ̀dì wọn. Mo rí ìkòkò wọn, kò mọ́ tó. Ṣùgbọ́n mo rí ṣòkòtò iná wọn pẹ̀lú, tí wọ́n fi sórí bàtà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, ṣòkòtò ká wálẹ̀ yí ẹnu bàtà ká, kí ẹsẹ̀ lè wọ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Èèyàn tó ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ irú bàtà bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ ló ń ṣe.

Nígbà tí ìyá rẹ ń ṣiṣẹ́ alẹ́, èmi ni mò ń sùn tì ọ́. Mo sùn, mo hanrun. Bí ẹnìkan bá yọjú láti fèrèsé, á ní arúgbó yìí ń jẹ̀gbádùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ikọ́ fée dé sí ọ láyà, tí o kò lè pe orúkọ ara rẹ, ta lo bá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ? Ṣé ẹni tó wà nínú mọ́tò níbòmíràn, tó ń lé ẹni tó sáré jù ní ọ̀nà ńlá? Nítorí ibẹ̀ ni ọlọ́pàá rẹ yóò wà lọ́jọ́ tí iná bá sọ. Bó bá sì wà nínú iná, olè yóò wọlé Mọ́rífá, kò sẹ́ni tí yóò dá a lóhùn. O ní àwọn ìlú tó yí wa ká yóò ràn wá lọ́wọ́. Wọ́n ń ràn wá lọ́wọ́ báyìí náà, nítorí pé àwa náà ń ràn wọ́n lọ́wọ́. Bí ẹ bá ti ilé yín, kí lẹ máa fi ran ẹlòmíràn?

Èkejì ni olórí ọ̀rọ̀. Mọ́rífá, kọ ọ́ dáadáa.

O gbọ́ pé iná sọ ní ìsàlẹ̀ ilé wa nínú ààwẹ̀. O gbọ́ pé ọkùnrin tó ń gbé ìsàlẹ̀ jáde pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀, ó tún padà wọlé, ó mu èéfín, wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù. Wọ́n sọ fún ọ pé páásípọ́ọ̀tù rẹ̀ ló padà lọ mú. Ìwọ náà sọ ọ́ fún mi, o ní ẹ wo bí àwọn èèyàn wa ṣe fẹ́ràn ìwé ju ẹ̀mí lọ. Irọ́ ni. Òun fúnra rẹ̀ ló tan irọ́ náà kálẹ̀, nítorí ojú ń tì í. N kò ní í jẹ́ kí Mọ́rífá kọ orúkọ rẹ̀ síbí. O mọ̀ ọ́n, ó ti bá ọ gbé àpò lọ sí òkè rí.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Ìyàwó rẹ̀ wà níbi iṣẹ́, nílé àwọn arúgbó tó ti ń tọ́jú wọn. Ọkùnrin náà ló ń din àkàrà tí wọn yóò fi ṣínu. Fóònù dún, ó yà sí yàrá láti dá a lóhùn, ọ̀rọ̀ gùn, òróró gbiná. Nígbà tó padà, ó da omi sí i. Omi, sínú òróró gbígbóná. Iná fò mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù, ó fò mọ́ ọn lápá.

Mo gbóòórùn rẹ̀ lókè, mo sọ̀ kalẹ̀. Mo bá a lẹ́nu ọ̀nà, èéfín ń jáde lẹ́yìn rẹ̀, fóònù wà létí rẹ̀.

Mo ní, "Ta lò ń pè?"

"Ẹ̀gbọ́n mi ni, Màmá. Wọ́n ní kí n ṣe sùúrù ná."

"Ẹ̀gbọ́n rẹ tó wà ní Des Plaines? Ṣé itọ́ ni yóò fi pa á láti ibẹ̀?"

Ó ní, "Wọ́n ní bí mo bá pe náìn wàn wàn, ọlọ́pàá á bá àwọn panápaná wá."

O ti rí i? Ilé ń jó, ọkùnrin tó ní ọmọ méjì nínú ilé, ẹ̀gbọ́n ló kọ́kọ́ pè kí ó gbàṣẹ. Bẹ́ẹ̀ la ṣe wà. Bí mọ́tò bàjẹ́, ẹ̀gbọ́n. Bí inú ń run ọmọ, ẹ̀gbọ́n. Bí ilé ń jó, a tún ń wá nọ́ńbà ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀gbọ́n yìí sì wà nínú òtẹ́ẹ̀lì lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápákọ̀ òfuurufú, ó ń gbé àpótí àlejò, kò rí èéfín, kò rí ọmọ, ó ń sọ pé kí wọ́n ṣe sùúrù.

Ìdí tó fi sọ bẹ́ẹ̀ ni pé ọlọ́pàá kan ti dá àbúrò rẹ̀ dúró ní ọ̀nà Joliet kí ààwẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Iná ẹ̀yìn mọ́tò rẹ̀ kò tàn. Wọ́n rí i pé láísẹ́ǹsì rẹ̀ ti kú, wọ́n ní kó wá sí kóòtù. Ìwé ìgbélùú rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ lọ́yà, kò tíì jáde. Kò jalè, kò lu ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti sọ fún un pé kó má jẹ́ kí ojú rẹ̀ àti ojú ọlọ́pàá pàdé títí lọ́yà yóò fi sọ̀rọ̀.

Mo gba fóònù náà. Mo ní kí ẹ̀gbọ́n gbé e sílẹ̀, pé bí àbúrò rẹ̀ bá kú sínú ilé yìí, òun ni n ó kọ́kọ́ mú. Ó ní, "Màmá, ẹ má bínú, mò ń gbìyànjú láti dáàbò bò ó ni." Mo ní kó lọ dáàbò bo àpótí. Mo tẹ náìn wàn wàn, nọ́ńbà pàjáwìrì yẹn, fúnra mi. Gẹ̀ẹ́sì mi kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n mo mọ "fáyà", mo sì mọ nọ́ńbà ilé wa, o mọ̀ pé ìwọ lo kọ́ mi. Mo fa àwọn ọmọ méjèèjì jáde.

Àwọn panápaná dé kí n tó gbé ìdí kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Òpópónà wa ni wọ́n ń gbé, ọkọ̀ wọn kò pẹ́ dé. Wo ohun tí mo fi ojú mi rí. Ọkùnrin yìí tó ń pe ẹ̀gbọ́n, nígbà tó rí àwọn tó gbé okùn omi, ara rẹ̀ balẹ̀. Ó sáré pàdé wọn, ó ń fi ọwọ́ tó ti jó júwe ilé ìdáná. Ó ṣílẹ̀kùn gbayawu fún wọn. Kò bi wọ́n ní nǹkan kan, àwọn náà kò bi í.

Lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ ọlọ́pàá dé. N kò ní í parọ́ mọ́ ọlọ́pàá náà, ọ̀nà ló wá dí kí mọ́tò má baà kọjá lórí okùn omi. Kò tilẹ̀ wo ọ̀dọ̀ wa. Ṣùgbọ́n iná búlúù yẹn tàn sí ara ògiri, mo sì rí i tí ọkùnrin yìí fi ẹ̀yìn rìn díẹ̀díẹ̀, ó yà sí ẹ̀gbẹ́ ilé, ó gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wọnú ilé tó ń jó. Ó wọ ilé ìwẹ̀, ó ti ara rẹ̀ mọ́bẹ̀. Àwọn ọmọ ń pè é.

Mo fa apá aṣọ obìnrin kan lára àwọn panápaná, obìnrin tí kò ga tó ọ. N kò mọ ohun tí mo lè sọ. Mo nawọ́ sí ilé, mo ní, "Man. Man." Ó wo ojú mi, ó fa ìbòmú rẹ̀ bojú, ó wọlé. Ó fà á jáde lábẹ́ apá, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀.

Títí di òní, bí ó bá gun àtẹ̀gùn wa dé ìdajì, ó ní láti dúró mí. Mo bi í nígbà tó dé láti ọsibítù. Ó ní, "Màmá, mo rí iná búlúù yẹn, n kò mọ ìgbà tí ẹsẹ̀ gbé mi." Nímọtà, ilé rẹ̀ ń jó, ó sì ráyè wo ìbàdí.

Wàyí o, ro ó fúnra rẹ. Ká ní ẹni tó kọ́kọ́ dé ilẹ̀kùn rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn ni èèyàn inú àpótí rẹ, tó ní okùn omi lọ́wọ́ tó sì ní ìbọn lábẹ́ aṣọ, tó ti inú ọkọ̀ oníná búlúù bọ́ sílẹ̀. Ṣé á sáré pàdé rẹ̀? Á ti ilẹ̀kùn. Á dákẹ́ sínú, òun àti àwọn ọmọ. Èmi náà á máa kan ilẹ̀kùn láti ìta.

Mo ti rí irú rẹ̀ kí wọ́n tó bí ìyá rẹ. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ọkọ ní Ìbàdàn, ṣọ́ọ̀bù àwọn télọ̀ gbiná, ọlọ́pàá ló kọ́kọ́ dé. Àbúrò ọkọ mi gbé ẹ̀rọ ìránṣọ ọ̀gá rẹ̀ lórí, ó ń sáré jáde. Wọ́n ní olè ni, wọ́n dá a dọ̀bálẹ̀. Gbogbo àwọn tó ń kó ẹrù jáde rí i, wọ́n sọ ohun tó wà lọ́wọ́ wọn sílẹ̀, wọ́n sá. Ohun tó yẹ kí a rí kó jáde jóná. Ọlọ́pàá náà kì í ṣe èèyàn burúkú. Ẹlẹ́ṣẹ̀ ni wọ́n kọ́ ọ láti máa wá. Ẹni tó ń wá ẹlẹ́ṣẹ̀ àti ẹni tó ń wá ẹni tí yóò gbé jáde, bí wọ́n bá wo èéfín kan náà, ohun tí wọ́n ń rí yàtọ̀. O fẹ́ fi ojú méjèèjì sí orí kan. Lọ́jọ́ tí ẹ̀rù bá ń bà á, èwo ni yóò fi wò?

Mọ́rífá ní kí n sọ pé n kò kórìíra ọlọ́pàá. N kò kórìíra wọn. Nígbà tí wọ́n fọ́ gíláàsì mọ́tò ìyá rẹ ní ibùdókọ̀ ojú irin Homewood, ọlọ́pàá ló dúró tì í nínú òtútù títí mo fi dé. Iṣẹ́ wọn nìyẹn, wọ́n ṣe é dáadáa. Kí wọ́n máa ṣe é lọ.

O sọ fún mi nípa ìlú kan lápá òkè, létí adágún, tí ẹni kan náà ti ń ṣe ọlọ́pàá tó ń ṣe panápaná láti ọjọ́ pípẹ́, tí ohun gbogbo sì ń lọ déédéé. Mo gbà. Àwọn tó ń gbé ibẹ̀, bí wọ́n bá rí ọlọ́pàá, wọ́n máa ń juwọ́ sí i. Bí ìlú kan bá ti ń juwọ́, ohun tó bá wù wọ́n ni kí wọ́n gbé sí ìbàdí. Àwa tó wà ní òpópónà yìí kì í juwọ́. Kí o tó mú ohun ìlú kan wá sí òmíràn, kọ́kọ́ lọ wo ohun tí ọwọ́ àwọn èèyàn ibẹ̀ ń ṣe nígbà tí ọkọ̀ ọlọ́pàá bá ń kọjá.

Inú ń bí mi sí àwa náà, má rò pé ìwọ nìkan ni. Mo ti bá ẹ̀gbọ́n Des Plaines yẹn jà lójúkojú, ó dọ̀bálẹ̀, mo ní kó dìde, ìdọ̀bálẹ̀ kò pa iná. Mo ti sọ fún Áfáà mọ́sálásí wa pé lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, kí wọ́n máa kọ́ àwọn èèyàn pé náìn wàn wàn ni a kọ́kọ́ ń pè, ẹ̀gbọ́n ṣìkejì. Kí ìwọ náà wá sọ ọ́ níbẹ̀, nínú Yorùbá tó kún fún Gẹ̀ẹ́sì rẹ yẹn, wọn yóò gbọ́. Ṣùgbọ́n báwo ni mo ṣe fẹ́ kọ́ wọn láti pè, bí ó bá jẹ́ ẹni tí wọ́n ń sá fún ni yóò dáhùn?

Ó ku ẹyọ kan. Nígbà tí mo ń bá ọ wí ní Sátidé, ojú rẹ yí padà, o sì sọ òótọ́ kan ṣoṣo tí o sọ lọ́jọ́ náà. O ní, "Gránmà, èmi ni ẹni tuntun níbẹ̀. Bí mo bá ní rárá, wọ́n máa wá ẹlòmíì." Mo gbọ́. Mo mọ ohun tí o ṣe kí o tó dé ibẹ̀, mo mọ bí ìyá rẹ ṣe ń ti ibi iṣẹ́ kan bọ́ sí òmíràn kí o lè kàwé. N kò ní kí o dìde kí o máa pariwo. Sọ fún máníjà rẹ pé iṣẹ́ tó gbé fún ọ kò tíì parí, nítorí pé o kò tíì bá àwọn tí iná ti jó ilé wọn sọ̀rọ̀. Lọ sí ilé panápaná, jókòó tì wọ́n fún ọjọ́ kan. Bí ìlú bá fẹ́ dín ìnáwó kù, ẹ bá àwọn ìlú tó yí wa ká pín ọkọ̀ alákàbà, ẹ pín ọ̀gá, ẹ pín ibi tí wọ́n ti ń kọ́ṣẹ́. Obìnrin tó gbé ọkùnrin yẹn jáde ló sọ ìyẹn fún mi lọ́jọ́ tí mo gbé ìrẹsì lọ, Mọ́rífá ló túmọ̀ rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó bi í ní ọ́fíìsì yín. Ẹ pín ohunkóhun tó bá wù yín. Aṣọ méjèèjì yẹn ni kí ẹ má pa pọ̀.

Bí wọ́n bá lé ọ nítorí pé o sọ ohun tí o rí, yàrá rẹ ṣì wà níbí. N kò ní í rẹ̀ ọ́ lẹ́kún. Wàá jẹun, wàá tún wá iṣẹ́.

Kí Ọlọ́run fún ọ ní ojú tí yóò rí èèyàn kí ó tó rí àpótí. Kí ó jẹ́ kí ohùn rẹ má gbọ̀n níwájú àwọn tó jù ọ́ lọ. Kí ó fi ọkàn ọkùnrin ìsàlẹ̀ yìí balẹ̀. Àdúrà rẹ nìyẹn, mo ti ṣe é.

Mọ́rífá mú mi lọ sí ọ́fíìsì yín láàárọ̀ yìí, o kò sí nídìí tábìlì. Wọ́n ní ẹnikẹ́ni tó bá ń gbé ìlú yìí lè sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta níwájú ìgbìmọ̀ kí wọ́n tó dìbò ní Túsìdeè. Mo ní kí wọ́n kọ orúkọ mi. N kò ní í dárúkọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀, ohun tí mo rí nìkan ni n ó sọ. Obìnrin tó wà níbẹ̀ béèrè pé ta ni yóò túmọ̀ Yorùbá fún mi. Mo ní ìwọ ni. Inú rẹ̀ dùn, ó ní òun kò tiẹ̀ mọ̀ pé o gbọ́ ọ.

Nítorí náà, wàá dìde lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, níwájú máníjà rẹ àti gbogbo wọn, ohun tó bá ti ẹnu mi jáde ni kó ti ẹnu rẹ jáde. Má fi ṣúgà sí i. N kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n bí o bá yí i padà, ojú wọn ni n ó wò, n ó sì mọ̀. N ó máa sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, kí o má baà sọ pé o kò gbọ́.

Èmi ni,
Sàlámátù, ìyá ìyá rẹ.